Gẹ̀ẹ́sì Owó àti Báńkì ní Àgbádárìgì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ohun tí àwọn oníṣòwò ọjà Agbálátà, akọ́ṣẹ́, awakọ̀ àti òbí máa ń béèrè léraléra nípa Gẹ̀ẹ́sì owó la kó jọ síbí. Ẹ ka èyí tó bá kàn yín lónìí, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Níbo ni ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì owó rárá ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù yín. Alẹ́ẹ̀tì tí báńkì ń fi ránṣẹ́ nígbà tí owó bá wọlé tàbí tó bá jáde ni ìwé ẹ̀kọ́ tó dára jù, nítorí ọ̀rọ̀ owó yín ló wà níbẹ̀, ẹ sì ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó kà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ló yẹ kó ṣáájú: "account", "deposit" (fífi owó sínú àkáǹtì), "withdraw" (gbígba owó jáde), "transfer" (fífi owó ránṣẹ́), "balance", "cash", "fee", "debit", "credit" àti "receipt". Ẹni tó bá mọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dunjú lè dá wọ báńkì láìmú ọmọ ilé ìwé dání.

Ẹ má kọ́ ọ̀rọ̀ ní òun nìkan. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ rẹ̀, àti gbólóhùn kan láti inú òwò tiyín. Fún "deposit", ẹni tó ń ta àgbọn lè kọ "I want to deposit twenty thousand naira." Gbólóhùn yẹn gan-an lẹ máa sọ níwájú tẹ́là, òṣìṣẹ́ tó ń gba owó ní báńkì, torí náà ẹ kà á sókè títí ahọ́n yín á fi mọ̀ ọ́n.

Kí ló yàtọ̀ nínú "money", "cash", "change" àti "balance"?

"Money" ni owó lápapọ̀, ibi yòówù kó wà. "Cash" ni èyí tí ẹ lè fi ọwọ́ kà. Bí ẹnìkan bá ní "I have money but no cash", owó wà ní báńkì, kò sí lápò. "Change" ni ṣéńjì.

"Balance" ló máa ń da nǹkan rú. Nínú ọjà wa, "give me my balance" túmọ̀ sí "fún mi ní ṣéńjì mi", kò sì sẹ́ni tí kò ní gbọ́ ọ. Ní báńkì, "balance" ni owó tó ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì. Bí ẹ bá sọ fún òṣìṣẹ́ báńkì pé ẹ fẹ́ gba "balance" yín, ó lè rò pé ẹ fẹ́ mọ iye tó wà níbẹ̀ ni.

"Money" kì í gba "s" nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. "Naira" náà kì í gbà á: "five thousand naira" la ń sọ, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó.

Ìgbà wo là ń lo "price", ìgbà wo là ń lo "fee", "charge" tàbí "fare"?

"Price" jẹ́ ti ọjà. "Fee" jẹ́ owó iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣe fún yín tàbí ẹ̀kọ́ tó kọ́ yín: "school fees", "transfer fee". "Charge" ni ohun tí báńkì tàbí oníPOS yọ lórí ohun tí ẹ ṣe. "Fare" jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan. Owó tí ẹ san láti ibí dé Mile 2, "fare" ni. "Bill" ni ìwé tó ń sọ iye tí ẹ jẹ, bíi ti iná mànàmáná.

"What is your last price?" kò burú lọ́jà. Nínú ilé ìtajà ńlá tàbí lẹ́nu àlejò tó wá láti òkè òkun, "Can you give me a discount?" ló máa yé wọn.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe "borrow me money"?

Nítorí "yá" kan ṣoṣo tí Yorùbá ní, Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì. Ẹni tí owó ń bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń "borrow". Ẹni tí owó ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń "lend". "Mo yá owó lọ́wọ́ ìyá Séwánù" jẹ́ "I borrowed money from her." "Mo yá a lówó" jẹ́ "I lent her money."

Ohun tí ẹ lè fi dá a mọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré tó tẹ̀ lé e: "borrow" ń rìn pẹ̀lú "from", "lend" ń rìn pẹ̀lú "to". Nítorí náà, ẹ béèrè pé "Please lend me five thousand naira" tàbí "May I borrow five thousand naira from you?" Ìkejì yẹn ní ọ̀wọ̀ díẹ̀ sí i, òun ló yẹ fún àgbà.

"Owe" ni jíjẹ gbèsè. "He is owing me" wọ́pọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tàbí lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, ẹ kọ "He owes me."

Báwo la ṣe ń pe àwọn ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà inú wọn kì í dún?

"Debt" kò ní "b" lẹ́nu: ẹ pè é bíi "dẹ́tì". "Receipt" kò ní "p": "risíìtì". "Cheque" dà bíi "ṣẹ́ẹ̀kì".

Èyí tó léwu jù ni nọ́ńbà. "Fifteen" àti "fifty" sún mọ́ra gan-an lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni "thirteen" àti "thirty". Ẹni tó gbọ́ ₦50,000 dípò ₦15,000 ti fi ₦35,000 ṣòfò. Ẹ máa sọ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀mejì, lọ́nà méjì: "fifteen thousand, one-five." Bí ẹlòmíràn bá ń sọ ọ́ fún yín, ẹ bi í pé "One-five or five-zero?" Kò sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì gan-an ń ṣe é.

Kí ni iṣẹ́ kọ́mà (,) àti àmì tó-tò (.) nínú 15,000.00?

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, kọ́mà ló ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àmì tó-tò ló sì ń ya náírà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ́bọ̀. 15,000.00 jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà láìsí kọ́bọ̀. 1,500.00 jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹ ka òdo tó wà ṣáájú àmì tó-tò, kì í ṣe èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwa tí a ń gbé nítòsí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní láti ṣọ́ra ju ará Ìkẹjà lọ níbí. Lọ́dọ̀ àwọn ará Benin tó ń kọ ìṣirò ní Faransé, ọ̀rọ̀ yí padà: 15.000 tàbí 15 000 ni wọ́n ń kọ fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kọ́mà ni wọ́n sì ń fi ya ìdá tí kò pé ọ̀kan sọ́tọ̀. Bí ìwé ọjà bá wá láti Cotonou, ẹ béèrè iye náà lẹ́nu kí ẹ tó sanwó.

Kí ni mo máa kọ sínú ìwé tí a fi ń san owó sí báńkì?

"Account name" ni orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì. "Account number" jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá gééré. "Amount in figures" ni iye owó ní nọ́ńbà, "amount in words" ni iye kan náà ní ọ̀rọ̀. "Depositor" ni ẹni tó mú owó wá, ìyẹn ẹ̀yin tí ẹ dúró síbẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìwé náà bá ní "beneficiary", ẹni tó máa gba owó nìyẹn.

Fún ₦44,900, ẹ kọ "Forty-four thousand, nine hundred naira only." "Forty" kò ní "u" nínú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "four" àti "fourteen" ní i. "Thousand" àti "hundred" kì í gba "s" bí nọ́ńbà bá ṣáájú wọn. "Only" wà ní ìparí kí ẹnikẹ́ni má bàa rí àyè fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un, nítorí náà ẹ má fo ó, kí ẹ sì fa ìlà sí àyè tó bá ṣẹ́ kù.

Bí iye tó wà ní nọ́ńbà bá yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀, tẹ́là á dá ìwé náà padà. Ẹ gba òmíràn, ẹ má fi bírò tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe.

Nọ́ńbà àkáǹtì, BVN àti NIN: èwo ni èwo?

Àkáǹtì jẹ́ nọ́ńbà mẹ́wàá. BVN àti NIN jẹ́ mọ́kànlá-mọ́kànlá. BVN ni àmì ìdánimọ̀ yín láàárín gbogbo báńkì, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. NIN ni ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ tẹ *565*0# láti rí BVN, *346# láti rí NIN, lórí nọ́ńbà fóònù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín kò nílò ju orúkọ àkáǹtì, nọ́ńbà mẹ́wàá náà àti orúkọ báńkì lọ. Bó bá béèrè ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ mọ́kànlá, ẹ má fún un.

Báwo ni mo ṣe lè ka alẹ́ẹ̀tì?

"Acct" ni àkáǹtì. Wọ́n sábà máa ń fi àmì bo apá kan nọ́ńbà náà. "Amt" ni iye. "DR" ni "debit", owó jáde. "CR" ni "credit", owó wọlé. "Desc" tàbí "narration" ni àlàyé ohun tí owó náà wà fún àti ẹni tó fi ránṣẹ́. "Avail Bal" ni "available balance", owó tí ẹ lè ná nísinsìnyí. "Ledger balance" lè pọ̀ jù ú lọ, nítorí ó lè ní owó tí kò tíì dọ́wọ́ yín tán nínú, bíi ti ṣẹ́ẹ̀kì tí wọn kò tíì fọwọ́ sí.

"Credit" ní iṣẹ́ mẹ́ta, ibi tí ẹ ti bá a ló máa sọ èwo ni. Nínú alẹ́ẹ̀tì, owó wọlé. Nínú ṣọ́ọ̀bù, "no credit today" túmọ̀ sí pé wọn kò ta àwìn. Lórí fóònù, owó ìpè ni.

Alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Àwọn gbájúẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báńkì ránṣẹ́. Kí ẹ tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ wo "balance" yín nínú áàpù tàbí nípasẹ̀ kóòdù báńkì yín. Bí kò bá lé, owó kò wọlé.

Wọ́n yọ owó lọ́wọ́ mi, ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí kò rí i. Kí ni mo máa sọ ní báńkì?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó wà lójú rìsíìtì. "Successful" ni pé ó ti lọ. "Pending" ni pé ó ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ má tún un fi ránṣẹ́, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni owó máa ń lọ lẹ́ẹ̀mejì. "Failed" ni pé kò lọ. "Reversed" ni pé wọ́n ti dá a padà sínú àkáǹtì yín.

Gbólóhùn tí ẹ máa sọ rèé: "I was debited, but the money was not received. Please reverse the transaction." Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ATM ni kò pọ owó, ẹ ní "The ATM did not dispense cash, but my account was debited." Ẹ mú déètì, àkókò, iye, àti "session ID" dání, ìyẹn ọgbọ̀n nọ́ńbà tó tò tẹ̀ lé ara wọn lórí rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn. Pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn, wọ́n á tètè rí ibi tí owó há sí.

Central Bank ti fi àkókò sí i láti 2020. Bí ẹ̀rọ ATM báńkì yín ni, ojú ẹsẹ̀ ló yẹ kí owó padà. Bí kò bá padà fúnra rẹ̀, wákàtí 24 ni wọ́n fún báńkì láti dá a padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ báńkì mìíràn, wákàtí 48. Fún POS àti ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, wákàtí 72. Bí àkókò bá ti kọjá, ẹ fi kún un pé "It has been more than 72 hours. I want to make a formal complaint." "Formal complaint" ni kí ẹ di mú: ó ń sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀. Kí ẹ sì gba "ticket number" tàbí "tracking number" kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Kí ni àwọn owó wẹ́wẹ́ tí báńkì ń yọ, orúkọ wo ló ń jẹ́?

"Transfer fee" ni owó ìfowóránṣẹ́. Èyí tí Central Bank fi lélẹ̀ ní 2020 ni ₦10 fún owó tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 láti ibẹ̀ dé ₦50,000, àti ₦50 fún èyí tó bá lé. "VAT", owó orí ọjà ti ìjọba, jẹ́ 7.5% lórí owó iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ₦10.75, ₦26.88 tàbí ₦53.75. VAT kò kan owó tí ẹ fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀.

"Stamp duty" tàbí "electronic levy" ni ₦50 ti ìjọba lórí owó tó bá tó ₦10,000 sókè. "SMS alert charge" ni owó àtẹ̀jíṣẹ́. "Card maintenance" jẹ́ owó ìtọ́jú káàdì. Ti oníPOS yàtọ̀; òun ló ń dá iye tirẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó mú káàdì jáde: "How much is your charge for twenty thousand?"

Mo fẹ́ pààrọ̀ sẹ́fà (CFA, owó tí wọ́n ń ná ní Benin). Kí ni "buying rate" àti "selling rate"?

Ojú oníṣéńjì ni kí ẹ fi wò ó, kì í ṣe ojú tiyín. "Buying" ni iye tí òun fi ń ra sẹ́fà lọ́wọ́ yín. "Selling" ni iye tí òun fi ń tà á fún yín. "Selling" ló máa ń ga jù, ibẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà.

Ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán. Bí ó bá ń ra 1,000 sẹ́fà ní ₦2,500, tó sì ń tà á ní ₦2,560, ẹni tó ti Sẹ̀mẹ̀ dé pẹ̀lú 40,000 sẹ́fà á gba ₦100,000. Ẹni tó ń lọ, tó fẹ́ ra 40,000 sẹ́fà, á san ₦102,400. Ìyàtọ̀ ₦2,400 yẹn ni "spread".

Ẹ má ṣe béèrè pé "What is the rate?" nìkan, nítorí ó lè sọ èyí tó wù ú. Ẹ ní "What is your buying rate for one thousand CFA?" Kí ẹ sì sọ pé ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni, XOF nínú áàpù, torí sẹ́fà ti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà wà lọ́tọ̀, XAF ni wọ́n ń pè é. Iye kan náà ni méjèèjì jẹ́ sí owó yúrò, 655.957 sí yúrò kan, ṣùgbọ́n bébà wọn kì í ṣe ọ̀kan, ọ̀pọ̀ oníṣéńjì ẹnubodè kì í sì í gba XAF.

Kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe àjọ, alájọ àti èésú?

"Thrift" tàbí "contribution". Alájọ tó ń gba owó kiri ni "thrift collector". Èésú tí ẹgbẹ́ ń dá, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń kó ní tirẹ̀, ni "rotating savings". Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni "cooperative society". Owó ọjọ́ kan tí alájọ sábà ń mú lóṣù ni "commission" rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí alájọ kò ní, tí báńkì ní, ni "insured". Láti 2024, bí báńkì bá wó, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí a fi pamọ́ sí báńkì, á san owó tí ẹ fi pamọ́ padà títí dé mílíọ̀nù 5 náírà ní báńkì ńlá, mílíọ̀nù 2 ní "microfinance bank". A kò sọ pé kí ẹ kúrò lọ́dọ̀ alájọ tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ẹ kàn mọ èyí tó ní ìdáàbòbò àti èyí tí kò ní.

Wọ́n fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì. Kí ni mo ní láti mọ̀?

"Post-dated" ni pé déètì rẹ̀ kò tíì pé. "Stale" ni pé ó ti lé ní oṣù mẹ́fà, báńkì kò ní gbà á mọ́. "Crossed", ìlà méjì tó gba orí rẹ̀ kọjá, ni pé inú àkáǹtì nìkan ló lè wọ̀, wọn kò ní ka owó lé yín lọ́wọ́. "Bounced" tàbí "dud cheque" ni èyí tí kò sí owó lẹ́yìn rẹ̀. Òfin 1977 ló sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ̀bi lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ni àwọn gbájúẹ̀ ń lò?

"Verify", "upgrade", "suspended", "blocked", "urgent" àti "click the link". Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Báńkì náà ń lò wọ́n. Bí ẹ bá rí "suspended" àti "click" nínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà, tàbí tí ẹnìkan bá pè yín tó ní "Your BVN has been blocked, read me the number we sent", ẹ pa fóònù.

Nọ́ńbà tó ń béèrè yẹn ni "OTP", èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti fi jẹ́ kí owó jáde. "PIN" ni nọ́ńbà mẹ́rin ti káàdì, "CVV" ni mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì kankan kò gbọdọ̀ béèrè ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ yín.

Bó bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì lójú ẹsẹ̀: "Please block my account. I have been defrauded." "Block" ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ, kí àlàyé tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ló ka níbi tọ́rọ̀ dé yìí.

Wọ́n ní kí n buwọ́ lu ìwé ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n wá nínú rẹ̀?

"Principal" ni ojú owó. "Interest" ni èlé. "Tenor" ni àkókò tí ẹ máa fi san án. "Guarantor" ni onídùúró, òun ni wọ́n máa lọ bá bí ẹ kò bá san. "Collateral" ni ohun tí ẹ fi dógò. "Default" ni kí ọjọ́ pé kí ẹ má lè san, "penalty" sì ni owó ìtanràn tó máa tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé èlé. "5% per annum" jẹ́ lọ́dún, "5% per month" jẹ́ lóṣù, ìlọ́po méjìlá rẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá "flat rate" ni tàbí "reducing balance". Ẹ mú ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà ní 5% lóṣù. Ní "flat rate", orí ₦100,000 ni wọ́n á máa ka èlé sí títí dé òpin: ₦5,000 lọ́nà mẹ́fà, ₦30,000. Ní "reducing balance", tí ẹ bá ń dá ojú owó padà ní iye kan náà lóṣooṣù, orí ohun tó ṣẹ́ kù nìkan ni wọ́n á ti ka èlé: ₦5,000 lóṣù kìíní, ₦4,166.67 lóṣù kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín kù títí dé ₦833.33 lóṣù kẹfà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦17,500. Ojú owó kan náà, 5% kan náà, àmọ́ ìyàtọ̀ jẹ́ ₦12,500.

Ẹ wá "processing fee" pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ayánilówó ló ń yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ yín: bó bá jẹ́ ₦3,000, ₦97,000 lẹ máa gbà, ṣùgbọ́n orí ₦100,000 ni wọ́n ti máa ka èlé. Ìbéèrè méjì ni kí ẹ bi wọ́n kí bírò tó kan bébà: "How much will I receive?" àti "What is the total repayment?" Kí wọ́n kọ ìdáhùn méjèèjì sílẹ̀ ní nọ́ńbà, kí wọ́n buwọ́ lù ú, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sílé.